Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kọ Ìwé Àlàyé Ara Rẹ̀, àti Ohun Tó Fi Kàn Wá ní Ìdáàṣà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn òkè Ìdáàṣà ṣe ga tó kò nílò láti gùn wọ́n mọ́ lónìí. Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú ọ̀run ti wọn ilẹ̀ náà, kọ̀ǹpútà sì lè ti inú ìwọ̀n wọ̀nyẹn ya àwòrán tí yóò fi gbogbo gegele àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ hàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan bírò. Òkè 41 ni àwọn àgbà wa máa ń kà. Àwòrán náà lè kà ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó kà á dín, nítorí ẹ̀rọ kò mọ èyí tí a ń pè ní òkè yàtọ̀ sí èyí tí a kàn ń pè ní àpáta. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ wo àwòrán náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní sọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó rọrùn láti ro sílẹ̀, tí wọ́n lọ kọ́lé sáàárín àpáta. Ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ogun Dahomey tó máa ń wá kó ènìyàn lẹ́rú wà nínú ìdí náà, ẹnu àwọn àgbà ni a sì ti gbọ́ ọ. Òkúta kò sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ yìí, láàárín ohun tí a lè rí kà lára nǹkan àti ìdí tí nǹkan náà fi rí bẹ́ẹ̀, ni a fẹ́ mú lọ́wọ́ wọ inú ìtàn kan tó dà bíi pé kò bá ìwé ẹgbẹ́ wa tan. Ìtàn náà ni ti bí àwọn ènìyàn, láti ọdún 1959 títí di òní, ṣe ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa ka ètò tí a kọ fún un, tí yóò sì máa kọ ìwé àlàyé ètò náà jáde fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ níbí ń lọ sí IFRI ní Abomey-Calavi àti sí IMSP ní Dangbo láti kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Iye àwọn aboyún àti iye àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní agbègbè ìlera Dassa-Glazoué ń gba inú irú ètò bẹ́ẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ní Cotonou. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa kí a tó gbọ́ pé ó kan ilẹ̀kùn.

Kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí má bàa sọnù lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì. Kóòdù ni àkójọ àṣẹ tí akọ-ètò kọ, tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ. Ìwé àlàyé ni èyí tí a kọ fún ènìyàn, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ kóòdù lè lóye rẹ̀, lò ó, kó sì tún un ṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Kí a sọ pé a kọ ètò kékeré kan tí ń ṣírò máàkì akẹ́kọ̀ọ́. Ó mú máàkì ìṣirò lórí 20, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Ó mú ti ìtàn àti jọ́gíráfì, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì pín in. Ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé àlàyé yóò ka kóòdù náà, yóò sì sọ fún wa pé ètò yìí ń sọ máàkì ìṣirò di ìlọ́po 4. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi jẹ́ 4 tí kì í ṣe 3, inú ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni ó wà. Bí àṣẹ náà bá yí padà lọ́la, kóòdù kò ní mọ̀, ìwé àlàyé tí a fà yọ láti inú kóòdù náà kò sì ní mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tí wọ́n ń pè ní Mark I dé Yunifásítì Harvard ní 1944, Grace Hopper, obìnrin kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ètò fún un, òun náà ni iṣẹ́ kíkọ ìwé ìlò ẹ̀rọ náà já lé léjìká jù lọ. Ìwé ọ̀hún jáde ní 1946, ó sì lé ní ojú-ìwé 500. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Herman Goldstine àti John von Neumann gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, ìyẹn àwòrán oníàpótí àti ọfà tó ń fi ibi tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ hàn, ibi tó ti yà, àti ibi tó ti ṣẹ́rí padà. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Faransé ń pe irú àwòrán yìí ní organigramme, a sì ń yà á sójú pátákó títí di òní olónìí.

Àwòrán náà tuni lójú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó di irọ́. Akọ-ètò yóò ya àwòrán ní ọjọ́ Ajé, yóò tún kóòdù ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì ní rántí padà sídìí àwòrán mọ́. Lois Haibt, tó wà lára ẹgbẹ́ kékeré tó ṣe èdè FORTRAN ní ilé-iṣẹ́ IBM, èdè tó jáde ní 1957, wá ọgbọ́n sí èyí. Ó kọ ètò kan tó ń ka kóòdù ètò mìíràn, tó sì ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele: èyí tó fi gbogbo ètò hàn lókè, àti èyí tó tú àpótí kọ̀ọ̀kan palẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ náà ka iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1959. Bí kóòdù bá yí padà, kí a tún ètò náà lò ni, àwòrán tuntun yóò sì jáde. Bí a bá ń wá ìdílé tí gbogbo irinṣẹ́ òde òní ti ṣẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni a ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé tí a ń lò kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ di ti ọjà, ibẹ̀ ni ìtàn náà sì ti dùn. RCA, tó ń ta kọ̀ǹpútà nígbà náà, sọ fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Princeton, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Applied Data Research, pé òun fẹ́ ètò tí yóò máa ya àwòrán láti inú kóòdù. Wọ́n ṣe é. RCA wò ó, kò sì rà á. Martin Goetz, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ilé-iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó pinnu pé àwọn yóò tà á fúnra àwọn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà, lórúkọ Autoflow. Ọdún 1965 ni. Ní àkókò yẹn, ètò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ni a ń fi ètò ta lọ́rẹ, bí ẹni tó ra iṣu tí a fi ọ̀kan ṣe ẹ̀ẹ̀nì fún. Autoflow wá di ọ̀kan lára àwọn ètò àkọ́kọ́ tí a tà bí ọjà tó dá dúró. Ní 1969, Applied Data Research pe IBM lẹ́jọ́ pé ètò ọ̀fẹ́ tó ń fi ti ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn ń pa ọjà òun. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà náà ti pe IBM lẹ́jọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá yìí kéde pé òun yóò máa ya owó ètò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹ̀rọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òwò ètò kọ̀ǹpútà tó gba gbogbo ayé kan lónìí, ó yẹ kí a rántí pé ẹ̀rọ akọ̀wé-àlàyé wà lára ohun tó kọ́kọ́ ṣí ọjà náà.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi rà á? Nítorí pé àwọn ọ̀gá ń béèrè àwòrán, àwọn akọ-ètò kò sì fẹ́ yà á. Frederick Brooks, ẹni tó darí iṣẹ́ ètò ńlá OS/360 ní IBM, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ The Mythical Man-Month tó jáde ní 1975. Ó ní àwòrán oníàpótí ni ohun tí a ti pọ́n lé jù nínú gbogbo ìwé àlàyé ètò, pé àwọn tí a fi ipá mú láti yà á ń kọ kóòdù tán ná kí wọ́n tó padà yà á. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí a kọ àlàyé sínú kóòdù gan-an, kí àwọn méjèèjì máa gbé inú ilé kan náà, kí ọ̀kan má bàa kú sẹ́yìn èkejì. Àwa gbà pé ìmọ̀ràn yìí ni ìtàn náà yí lé lórí. Ohun tí Haibt àti Goetz ṣe ni láti fa ohun tó wà nínú kóòdù jáde. Ohun tí Brooks ń béèrè ni pé kí a kọ́kọ́ fi ohun kan síbẹ̀ tó tó fà jáde.

Ẹni tó mú un dé góńgó ni Donald Knuth ti Yunifásítì Stanford. Ní 1984, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó pè ní Literate Programming nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ The Computer Journal. Èrò rẹ̀ ni pé kí akọ-ètò má ṣe ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Kó ka ara rẹ̀ sí òǹkọ̀wé tó ń ṣàlàyé fún ènìyàn ohun tí òun fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe. Ó ṣe irinṣẹ́ kan tó pè ní WEB. Fáìlì kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé yóò kọ, àlàyé àti kóòdù yóò sì wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà tí ọpọlọ ènìyàn fi ń ro nǹkan, kì í ṣe ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń béèrè. Irinṣẹ́ méjì yóò wá kọjú sí fáìlì náà. Ti àkọ́kọ́, TANGLE, yóò fa kóòdù inú rẹ̀ yọ fún kọ̀ǹpútà, láìbìkítà bóyá ó rí jánganjàngan lójú ènìyàn. Èkejì, WEAVE, yóò hun gbogbo rẹ̀ di ìwé tó ṣeé kà. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláṣọ òfì rí yóò mọ ìdí tí Knuth fi yan orúkọ yìí: òwú tó nà gbọọrọ kì í ṣe aṣọ, òwú tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá kì í ṣe aṣọ, ibi tí wọ́n ti pàdé ni aṣọ wà. Ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. TeX, ètò tó kọ fún títẹ ìwé ìṣirò, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò káàkiri ayé, ni ó tẹ̀ jáde bí odindi ìwé ní 1986, kóòdù àti àlàyé pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló yìn ín, díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo akọ-ètò ló ní ìfẹ́ sí kíkọ ìwé, kò sì sí ọ̀gá iṣẹ́ púpọ̀ tó lè fún wọn láyè fún un.

Ọdún kan lẹ́yìn Knuth, ní 1985, Peter Naur, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Denmark, sọ ohun kan tó le ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní kì í ṣe kóòdù ni iṣẹ́ akọ-ètò ní tòótọ́, kì í sì í ṣe ìwé àlàyé. Iṣẹ́ náà ni òye tó ń dàgbà lórí àwọn tó kọ ọ́: bí ètò náà ṣe bá ayé tó ń ṣiṣẹ́ fún mu, ìdí tí apá kọ̀ọ̀kan fi rí bó ṣe rí, àti ibi tí a lè fi àyípadà tuntun sí láìba ilé náà jẹ́. Ó sọ ìtàn ẹgbẹ́ kan tó kọ ètò ńlá kan, tí ẹgbẹ́ mìíràn sì gbà á lọ́wọ́ wọn láti mú un gbòòrò sí i. Kóòdù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, ìwé àlàyé wà lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ràn ẹnu sì wà pẹ̀lú. Síbẹ̀, léraléra ni wọ́n ń mú àbá wá tó ń lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ètò náà, nígbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ ń rí i lójú ẹsẹ̀ pé ibì kan ti wà nínú rẹ̀ tó gba ohun náà láìsí ìlẹ̀mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò sí nítòsí mọ́, ètò náà ti di ohun tí a kò lè rí ẹwà rẹ̀ àtijọ́ nínú ìlẹ̀mọ́ orí rẹ̀. Fún Naur, ètò máa ń kú ní ọjọ́ tí àwọn tó ní òye rẹ̀ bá tú ká, bí ó tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. A kò ní tún ọ̀rọ̀ Amadou Hampâté Bâ nípa àgbà tó kú wí níhìn-ín. Gbogbo wa ti gbọ́ ọ dé ibi tí etí ń kún. Ṣùgbọ́n ó yani lẹ́nu pé ará Yúróòpù kan, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ, dé ibi kan náà láti ọ̀nà mìíràn.

Àwa ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò sí ìṣòro yìí. Ẹ wo Ifá. Àmì ẹyọ kan tàbí méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn, ní àyè mẹ́jọ. Méjì ní ọ̀nà mẹ́jọ, ìyẹn 256: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kọ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù díẹ̀ lè kọ ètò tí yóò tẹ gbogbo 256 jáde kí a tó pajú dé, kò sì ní fo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò ní rí ẹsẹ kan ṣoṣo gbà níbẹ̀, nítorí ẹsẹ kò sí nínú àmì. Ẹnu ni ó ń gbé, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá sí ọmọ-awo, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tí Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé, ń kó ìmọ̀ jọ fún ìwé ńlá rẹ̀ lórí Fá, tó jáde ní 1943, kò tó fún un kó ṣàdàkọ àmì. Ó ní láti jókòó ti Gèdègbé, tó ti jẹ́ adífá fún Béhanzin, kó sì máa bi í léèrè. Ohun tí àwọn baba wa ṣe tó yàtọ̀ ni pé wọn kò fi ẹsẹ sílẹ̀ fún oríire. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi dandan sí i pé ẹni tí kò bá lè kì í kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní babaláwo. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò tíì ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní ni irinṣẹ́, ó sì pọ̀. Nígbà tí èdè Java dé ní àárín àwọn ọdún 1990, Javadoc bá a wá. Akọ-ètò yóò kọ gbólóhùn díẹ̀ sórí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù, láàárín àmì tí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé kì í ṣe àṣẹ. Javadoc yóò sì kó gbogbo gbólóhùn náà jáde sí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ ara wọn. Èyí ni ìmọ̀ràn Brooks tó wọ aṣọ ìṣẹ́. Ní 1997, Dimitri van Heesch ṣe Doxygen tó ń ṣe irú rẹ̀ fún C++ àti àwọn èdè mìíràn. Ní 2008, Georg Brandl gbé Sphinx jáde fún Python. Lẹ́yìn náà ni Swagger, tó wá di OpenAPI, dé fún àwọn ètò tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo wọn ló ní àléébù kan náà, àléébù tó dára láti kọ́ ọmọ ilé-ìwé kó tó lò wọ́n: wọn kì í dákẹ́. Bí akọ-ètò kò bá kọ gbólóhùn kankan sínú kóòdù, Javadoc yóò ṣì ṣe ojú-ìwé. Orúkọ yóò wà níbẹ̀, irú nọ́ńbà tí ẹyọ iṣẹ́ náà ń gbà yóò wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì dà bí ìwé. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó dà bí ilé tí a kùn lọ́dà, tí a kọ nọ́ńbà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, kí a wo ibi tí èyí ti kan wa. Bẹ̀nẹ̀ ń lo ètò kan tó ń jẹ́ DHIS2 láti fi kó ìsọfúnni ìlera jọ, bí Tógò àti Nàìjíríà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń lò ó. Gúúsù Áfíríkà ni ó ti pilẹ̀ṣẹ̀, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òpin ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Yunifásítì Oslo ní Norway ni ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú apá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri ni a sì fi Java kọ. Ètò náà lè sọ nípa ara rẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ kí a yìn: bí kọ̀ǹpútà mìíràn bá bi í, yóò dárúkọ gbogbo nǹkan tó ń kà, gbogbo àmúlò tó ń ṣírò, àti ọ̀nà tí a fi lè béèrè wọn. Ìwé àlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó pọ̀, apá kan rẹ̀ sì wà ní Faransé.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí yóò máa kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, ètò náà fi àyè kan sílẹ̀ fún àpèjúwe. Kò fi dandan mú ẹni tó ń tò ó láti kún àyè náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Kí a sọ pé òṣìṣẹ́ kan to àmúlò kan tó ń pín iye abẹ́rẹ́ àjẹsára sí iye àwọn ọmọdé inú ìlú. Iye ọmọdé náà, ibo ni ó ti rí i? Ṣé láti inú ìkànìyàn 2013 ni, tí a wá fi ìdàgbàsókè ọdọọdún kún, àbí láti inú ìkànìyàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ní ojúlé? Òun mọ̀, ó sì ní ìdí. Bí ó bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ̀rọ yóò máa tẹ orúkọ àmúlò náà jáde lóṣooṣù, pẹ̀lú àyè funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, iye náà yóò ju 100 lọ nínú 100, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ yóò pọ̀ ju àwọn ọmọ tó wà láyé lọ. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ nígbà náà kò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí àwọn ọmọ ni wọn kò kà tán. Owó epo alùpùpù nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí abúlé orí òkè lè dúró lé ìdáhùn yìí.

Ní 2021 ni irinṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí a ń pè ní GitHub Copilot dé, ChatGPT sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá 2022. Àwọn wọ̀nyí kì í kàn án kó gbólóhùn tí ènìyàn kọ jáde. Wọ́n ń ka kóòdù, wọ́n sì ń kọ àlàyé tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tó já gaara. Ohun tó ń gba akọ-ètò ní ọ̀sẹ̀ kan lè parí ní wákàtí kan. A kò ní fi ojú kéré èyí. Fún kóòdù àtijọ́ tí àwọn tó kọ ọ́ ti lọ, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni pé ẹ̀rọ lè sọ fún wa, ní gbólóhùn tó ṣeé kà, ohun tí ìlà 2000 ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ètò máàkì wa. Ó lè kọ pé a sọ máàkì ìṣirò di ìlọ́po 4 nítorí pé ìṣirò ṣe pàtàkì ju àwọn ẹ̀kọ́ yòókù lọ. Gbólóhùn tó dára ni, ó sì lè má jẹ́ òótọ́ rárá; kò sí ohun kankan nínú kóòdù tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po náà lè yàtọ̀ láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, ìwé àṣẹ nìkan ló sì mọ èyí. Javadoc àtijọ́ fi àyè sílẹ̀ ní funfun, ó kéré tán a rí i pé funfun ni. Ẹ̀rọ tuntun fi àbá kún àyè náà, ohùn kan náà ni ó sì fi ń sọ ohun tó rí àti ohun tó méfò. Èyí ni ó kọ wá lóminú jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Nítorí náà ni a fi gbà pé ó yẹ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti pín iṣẹ́ náà sí méjì. Kí ẹ̀rọ sọ ohun tí kóòdù ń ṣe, bí ó bá fẹ́. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ tó kọ ọ́, kọ ìdí rẹ̀ àti ibi tó ti mú un: àṣẹ wo, ọdún wo, ta ni ó béèrè rẹ̀. Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005 láti máa pa ìtàn àyípadà kóòdù mọ́, fi àyè sílẹ̀ fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá fi àyípadà pamọ́. Àwọn kan ń kọ ìdí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àtúnṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, tí ẹgbẹ́ bíi tiwa kò lè fò dá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé àlàyé tí àwọn ọmọ wa ń kà, Faransé ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́, Ìdáàṣà sì ni wọ́n fi ń bá ara wọn jiyàn nígbà tí ètò kò bá ṣiṣẹ́. Kò sí òfin ẹ̀rọ tó ní kí a má kọ ìdí ní èdè tí a fi rò ó. Python 3, tó jáde ní 2008 kan náà pẹ̀lú Sphinx, gba lẹ́tà gbogbo èdè ayé nínú kóòdù láìsí pé a ṣe ètò àkànṣe kankan. Gbólóhùn Yorùbá tí a kọ sórí ẹyọ iṣẹ́ yóò jáde sójú ìwé àlàyé pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀nà ìkọ̀wé wa kò ṣe ọ̀kan. Àwọn kan nínú wa ń kọ ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ìbílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ ẹ àti ọ gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé àlàyé, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́, tí àmì ohùn wà lórí rẹ̀, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode; ẹ àti àmì òkè tí a fi lé e ni, ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì sí i lè má rí i. Nínú àwọn iṣẹ́ kékeré tí a ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ẹ àti ọ ni a yàn, a sì ń kọ Faransé sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kọ ɛ àti ɔ ti bẹ̀rẹ̀ sí bi wá léèrè ìdí rẹ̀, a sì ti kọ ìdáhùn náà sí ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọdún rẹ̀.